Ẹ Bi Ọkọ̀ Léèrè Kí Ẹ Tó Tú U

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè tètè fa àga sún mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń kú ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà dé Lálúpọn, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Àkànrán, kì í ṣe ooru ló pa wọ́n. Àìbéèrè ló pa wọ́n. Ọkọ̀ á gbóná, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé ìgbà wo ló máa ń gbóná, wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ni. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ tú jù sínú koríko ni tẹ́mósítáàtì, nǹkan kékeré kan tí kò ju ẹnu ife tíì lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń bi ara rẹ̀ pé kí ló da ọmọ ẹ̀ka èdè pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ẹ ní sùúrù. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin tí a jọ wà nínú rẹ̀ mọ bó ṣe rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn kan ń ta dátà, àwọn kan ṣègbéyàwó. Èmi padà sílé wa ní Lálúpọn. Micra ni Bàámi fi ń ná ọ̀nà Lálúpọn sí Ìwó Road, háyà pọ́séèsì ni wọ́n sì fi gbà á. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san owó fún olówó ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣiṣẹ́, bí kò ṣiṣẹ́, ọjọ́ Sátidé á pé, fóònù á sì dún.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ Micra. Èyí tí mo ń sọ ni irú tí Nissan gbé jáde ní 1992, tí wọ́n fún ní oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1993. Ó dá mi lójú pé àwọn tó fún un lóyè kò rò ó pé yóò wá máa gbé èèyàn méje, mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́ta níwájú pẹ̀lú awakọ̀, kí àpò gàárì mẹ́ta tún wà ní búùtù. Ó ń gbé e, ṣùgbọ́n ó ń là á.

Ọjọ́ tí wàhálà náà bẹ̀rẹ̀, mo wà nínú ọkọ̀ nítorí pé èmi ni mo ń bá Màámi kó gàárì lọ fún oníbàárà wọn. A gbéra ní Lálúpọn, a kọjá Ìyànà Ọ̀fà, a kọjá Olódó, kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkọ̀. Mónátán ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti mú wa dúró. Kò pẹ́ tí ọwọ́ géèjì fi gòkè lọ gbá lẹ́tà pupa. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó rí ejò, ẹni méjì kò sì rántí owó ọkọ̀.

Bàámi fi àkísà di ìdérí ràdíétọ̀ mú, wọ́n yí i. Àpá rẹ̀ wà ní apá òsì wọn títí dòní. Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo ń rí awakọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Omi inú ràdíétọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ omi inú ìkòkò. Omi ìkòkò a máa hó ní 100°C. Ìdérí ràdíétọ̀ ní sípíríǹgì nínú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tẹ omi náà mọ́lẹ̀ kó má lè tètè hó. Bí agbára tó fi tẹ̀ ẹ́ bá tó ìlọ́po kan agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, omi lásán kò ní hó títí yóò fi sún mọ́ 120°C. Ẹ wá ṣí i lójijì: omi tó ti kọjá 100°C tí nǹkan kan ò tẹ̀ mọ́, ṣe ló máa fò jáde. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ jókòó sábẹ́ igi, ẹ jẹ àgbàdo. Ìgbà tí ẹ bá lè fi ọwọ́ fún hóòsì òkè tí kò le, tí kò jó yín lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣí i. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Irin tó gbóná tí omi tútù bá lù lójijì lè sán.

A padà sílé, Bàámi gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nítorí pé a ṣì jọ ń kí ara wa. Kò lo ìṣẹ́jú márùn-ún nídìí ọkọ̀ náà. Kò béèrè nǹkan kan.

"Bàbá, tẹ́mósítáàtì ni. Ilẹ̀ òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa níbí, kí la fẹ́ fi í ṣe?"

Ó tú ilé rẹ̀, ó fà á yọ, ó jù ú nù, ó dé ilé náà padà. Bàámi sanwó. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ hó ní Ìwó Road nígbà tí wọ́n ń dúró gba èrò. Mẹkáníìkì ní ràdíétọ̀ ló ti dí. Wọ́n ra tòkunbọ̀. Ọkọ̀ hó. Ó ní ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára mọ́. Wọ́n ra ìyẹn náà. Ọkọ̀ hó. Ó wá ní gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ló sọ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó bá hó lẹ́ẹ̀mẹ́rin gbọ́dọ̀ sun nǹkan. Ó ṣí tọ́pù, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó dè é. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyẹn náà fi jó.

Owó tí wọ́n fi ra gásíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ni owó tí Màámi ti kó jọ fún ìforúkọsílẹ̀ WAEC àbúrò mi. Wọ́n ní àwọn á dá a padà tó bá di ìparí oṣù. Ìparí oṣù dé, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó lẹ́ẹ̀kejì, ìforúkọsílẹ̀ sì ti parí. Ọdún kan ni ó fi jókòó sílé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé "ṣebí ọkọ̀ ló bàjẹ́, kì í ṣe èèyàn ló kú."

Ẹ̀gbọ́n Màámi kan tó ń ta pààtì ló ní kí a gbé ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ bàbá kan ní Mọ́níyà, kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2021. A fi okùn fà á kọjá Ọ̀jọ́ò lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àmọ́ ìtàn ìyẹn pọ̀.

Bàbá yìí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì fún Bàámi, àwọn náà jókòó, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Mo ti jókòó sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá abẹ́nà ìmọ̀ lẹ́nu wò, n kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Bàbá Mọ́níyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé tó bá ń lọ ló ń gbóná ni, àbí tó bá dúró?"

Bàámi ronú. "Tó bá dúró ni. Ẹ ò rí i, ìgbà tí mo bá ń sáré bọ̀ láti Lálúpọn, kò ṣe é ní nǹkan kan."

"Ṣé ó ń gbóná kíákíá láàárọ̀, kí ẹ tó jìnnà sílé?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìsinsìnyí ló wá ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Omi tó ń mu, ṣé ẹ ń rí i nílẹ̀ níbi tí ẹ bá gbé e sí?"

"Rárá o."

"Ta ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn kó tó kọ́kọ́ hó? Kí ló ṣe sí i?"

Bàámi dákẹ́. Wọ́n ti gbàgbé. Èmi ni mo rántí pé ọjọ́ méjì ṣáájú èyí tó hó ní Mónátán, riwáyà kan ti bá wọn ṣe fáànù. Rìléè rẹ̀ ló jó, riwáyà ní kò sí tuntun lọ́jà, ó gé wáyà, ó so fáànù náà ní dáírẹ́ẹ̀tì, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, fáànù á máa yí láìdúró.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n mú ọ̀rá pure water kan wá. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wọ́n ní kí n na ọ̀rá náà sí iwájú ràdíétọ̀. Fáànù Micra wà lẹ́yìn ràdíétọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa afẹ́fẹ́ wọlé láti iwájú. Ó yẹ kí ọ̀rá náà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pinpin. Ṣe ló fò padà, ó lẹ̀ mọ́ mi láyà.

Òdì ni fáànù ń yí. Riwáyà ti so wáyà rere mọ́ búburú, búburú mọ́ rere, mọ́tò irú fáànù bẹ́ẹ̀ kò sì ní kọ̀ láti yí, kàkà kó yí sọ́tùn-ún, á yí sósì. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà lágbára ju tirẹ̀ lọ, ó ń ráyè wọlé. Bí ọkọ̀ bá dúró ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì padà sí ara ràdíétọ̀. Bàbá tú wáyà méjèèjì, wọ́n pààrọ̀ wọn. Kò gbà wọ́n tó ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ àkàrà mẹ́ta.

Wáyà méjì. Gbogbo ohun tí a rà, wáyà méjì ló fà á.

Ohun tí ìbéèrè àkọ́kọ́ Bàbá ń ṣe nìyí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ tó ń wakọ̀ há a sórí. Ọkọ̀ tó ń gbóná nígbà tó bá dúró, tó sì ń tutù nígbà tó bá ń lọ, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: fíúsì rẹ̀, rìléè rẹ̀, wáyà rẹ̀, mọ́tò rẹ̀, ọ̀nà tó ń yí sí. Èyí tó ń gbóná lórí eré tàbí nígbà tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ lọ wo bóyá omi ti dín, bóyá ràdíétọ̀ ti dí nínú tàbí lóde, bóyá tẹ́mósítáàtì kò ṣí tán, bóyá ẹ̀rọ tó ń ti omi ti jẹra. Èyí tó ń gbóná bí ẹ bá ti ń kúrò nílé, tí hóòsì rẹ̀ le gbagidi kí ẹ́ńjìnnì tó móoru dáadáa, tí omi ràdíétọ̀ ń ru bíi ẹmu, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fa igi òṣùwọ̀n ọ́ìlì jáde kí ẹ wò ó. Bó bá ti funfun bíi wàrà, omi ti bá ọ́ìlì pàdé, ẹ má tún tan ọkọ̀ náà mọ́. Ọkọ̀ tó ń mu omi tí ẹ kò rí omi náà nílẹ̀, ibì kan ló ń gbé e lọ. Bó bá ń tú èéfín funfun tó nípọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti móoru tán, ẹ ti mọ ibẹ̀.

Àti géèjì náà. Ẹ má gbà á gbọ́ jù. Ohun tó ń wọn ooru fún un gbọ́dọ̀ wà nínú omi. Bí omi bá tán pátápátá, ọwọ́ géèjì lè wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí awakọ̀ máa dúpẹ́ pé ọkọ̀ ti tutù, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń jóná.

Wáyà ti tọ́, àmọ́ ìyà tó ti jẹ ẹ́ńjìnnì kò lọ. Bàbá ṣí tọ́pù, wọ́n gbé rúlà irin gígùn kan lé ojú rẹ̀, wọ́n ní kí n tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rúlà náà. Iná yọ láàárín. Tọ́pù náà ti tẹ̀. Álúmíníọ̀mù ni, ooru àpọ̀jù ti ká a. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti gbé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé ojú tó ti wọ́, ó wá retí pé kó di omi mú. Kò sí bí kò ṣe ní jó. Wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, wọ́n fá a títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba, Bàbá wá dè é pẹ̀lú ẹ̀rọ ìdènọ́ọ̀tì tó ní òṣùwọ̀n, láti àárín bọ̀ sí etí, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n fún ọ̀kan pa kí wọ́n tó kan èkejì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Bàámi lọ ra tẹ́mósítáàtì ní Àràròmí, Agodi Gate. Bàámi ní kí ni àwọn fẹ́ fi í ṣe, ṣebí ilẹ̀ olóoru ni ilẹ̀ wa. Bàbá wò wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, oníbodè ni. Ṣé ìlú tí kò ní oníbodè, ṣé àlàáfíà ló wà níbẹ̀?"

Nígbà tí a ra á dé, wọ́n gbé omi kaná nínú agolo lórí sítóòfù, wọ́n fi okùn so nǹkan náà sínú omi, wọ́n fi òṣùwọ̀n ooru sí i. Mo wò ó. Omi dé 60°C, kò mira. 70°C, kò mira. Ó kọjá 80°C díẹ̀, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, títí ó fi ṣí gbayawu. Bàbá yọ ọ́, ó tutù, ó pa ẹnu dé. Ìda ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ní, tí ìda bá yọ́, á wú, á ti ẹnubodè ṣí. Kò lo iná mànàmáná, kò lo bátìrì. N kò lè sọ bí nǹkan kékeré yẹn ṣe wù mí tó.

Iṣẹ́ oníbodè kì í ṣe láti dènà omi títí láé. Ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè móoru dé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kó sì dúró níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀ kò tètè móoru láàárọ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ á ki fún ìgbà pípẹ́, irin á máa jẹ irin. Micra yìí sì ní kọ̀ǹpútà tó ń pín epo. Bí ó bá ti rí i pé omi ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ ni, á máa da epo púpọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2022, awakọ̀ lè gbé ìyẹn mì. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí jálá epo kúrò lábẹ́ 200 náírà bọ́ sí nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, n kò mọ ẹni tó tún lè máa fi epo tọrẹ.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́. Àwọn tó ń yọ ọ́ kò dédé bẹ̀rẹ̀. Tòkunbọ̀ máa ń dé pẹ̀lú tẹ́mósítáàtì tó ti gbó, àwa náà á sì rọ́ omi odò sínú ràdíétọ̀, ìpẹtà á dì í pa, kò ní lè ṣí mọ́. Èyí tí kò lè ṣí yóò hó ẹ́ńjìnnì lóòótọ́. Ọ̀gá kan yọ ọ́ nígbà kan, ọkọ̀ sì tutù, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí i. Nígbà tí àwọn náà ṣe fúríìdọ̀mù, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Báyìí ni ohun tó tọ̀nà fún ọkọ̀ kan ṣe di òfin fún gbogbo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kùn ilé wa bá há, ṣé a ó yọ ìlẹ̀kùn náà kúrò títí láé ni, àbí a ó wá káfíńtà?

Ọ̀rọ̀ omi náà ń dùn mí. Ní ọ̀pọ̀ oko tó wà ní Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà, omi kànga tàbí omi odò ló sún mọ́ awakọ̀ jù. Ó mọ́ lójú, àmọ́ iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì ti ń gbóná tó ń tutù, iyọ̀ náà á máa lẹ̀ mọ́ ara ràdíétọ̀ bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù. Àwọn èèyàn rò pé torí yìnyín ni wọ́n ṣe ṣe kúláàntì. A ò ní yìnyín ní Ìbàdàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kúláàntì ní ohun tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í tètè hó bíi omi lásán. Ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀, omi òjò tó mọ́ sàn ju omi kànga lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lé ìpẹtà. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kàn pa láró sínú ike.

Bẹ́ẹ̀ ni eruku pupa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà oko á da eruku, koríko àti kòkòrò sí ojú ràdíétọ̀ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní ráyè kọjá. Omi rọra ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láti ẹ̀yìn síwájú, kí ìdọ̀tí gba ibi tó gbà wọlé jáde. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Ó kù síbi tí mo ti ní kí ẹ dúró dè mí. Oṣù mẹ́rin tó kù nínú ìyanṣẹ́lódì náà, Mọ́níyà ni mo wà. Bàbá gbà mí láàyè láti máa wá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ ń fi mí ṣẹ̀sín pé obìnrin tó ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì wá ń wá kí ni nínú gírísì, ṣùgbọ́n ó sú wọn. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń kọ ohun tí mo bá gbọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ "ń mu omi", ó "ń pọ omi", ó "ń hó", ó "ń móoru", ooru "ti ká tọ́pù". Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìṣe wọ̀nyẹn ṣe yàtọ̀ síra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tọ́ka sí àìsàn tirẹ̀. Èyí tó ń mu omi kì í ṣe èyí tó ń pọ̀ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ náà á ra ohun tí kò yẹ.

A ní Èdè-Ìperí Yorùbá, ìdìpọ̀ kìn-ín-ní tí Bamgbose ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èkejì tí Awobuluyi ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990. Mo fẹ́ràn àwọn ìwé náà. Àwọn ló kọ́ mi ní ohun tí mò ń pe fónẹ́ẹ̀mù àti àfòmọ́. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n dá lé. Ní 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tó kúrò níléèwé lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ẹ̀gbẹ́dá ńkọ́? Ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ wà ní èdè tí kò lè kà, ọ̀gá rẹ̀ sì ń kọ́ ọ ní ohun tí ọ̀gá ti ọ̀gá rẹ̀ sọ.

Nínú kíláàsì wa, èèyàn mẹ́fà ló ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn lórí oríkì, mẹ́rin lórí òwe nínú fíìmù. N kò bú wọn, oríkì dára. Ṣùgbọ́n mo lọ bá olùkọ́ mi pé èdè ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, pé mo sì fẹ́ gbé e jáde lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí ohùn tí àwọn awakọ̀ lè máa gbọ́ lórí WhatsApp, ìbéèrè mẹ́wàá tó yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè kó tó san kọ́bọ̀. Olùkọ́ mi ní ṣé mo rò pé àwọn mẹkáníìkì máa fẹ́ kí oníbàárà wọn mọ ìbéèrè wọ̀nyẹn. Mo bi Bàbá Mọ́níyà. Wọ́n ní oníbàárà tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń yá jù. Wọ́n tún ní kí n má gbàgbé láti fi tiwọn sí i: ta ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wò. Ètò ọkọ̀ ní Yorùbá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́, kò ní ṣòro fún yín ju ètò ìkíni ọjọ́ ìbí lọ.

Àbúrò mi ti ṣe WAEC, ó yege. Micra ṣì ń ná Lálúpọn sí Ìwó Road, ọwọ́ géèjì rẹ̀ kì í kọjá àárín, Bàámi sì ti san háyà pọ́séèsì rẹ̀ tán. Mo ra kúláàntì fún wọn ní ìgbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn. Wọ́n dúpẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí búùtù láti gbé báàgì mi sí i, kẹ́ẹ̀gì omi odò kan wà lẹ́yìn táyà, ó kún, ewé kan sì ń léfòó nínú rẹ̀.